Pákó Pupa Tí Kò Lórúkọ

Agolo yẹn ṣófo.

Ìyá Ìwé ló ṣí i, lórí tábìlì gbọọrọ tó wà láàárín yàrá ìkàwé, lójú gbogbo àwọn tó wá kàwé. Ó da ojú ẹ̀ délẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Eruku jáde, eruku tó tó mọ ilé alájà kan. Ó tún un gbọ̀n. Eruku tún jáde. Máàpù ò jáde.

"Ẹ tún un gbọ̀n," ni Ìyá Télọ̀ wí. Ohùn tiẹ̀ ti ń gbọ̀n ju agolo lọ. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, bóyá ó há ni."

"Kò há," ni Ìyá Ìwé dáhùn. "Ó ti lọ."

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ilé Ìpamọ́ ni wọ́n ń kó ìwé àtijọ́, fọ́tò àtijọ́ àti máàpù àtijọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni nínú ìlú lè wọlé, kó jókòó, kó ní nǹkan báyìí ni òun fẹ́ rí, kí wọ́n sì gbé e wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá Ìwé ni àgbà olùpamọ́ níbẹ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn kan ní òun ló kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n tó wá kọ́ ilé yí i ká. Ìyá Télọ̀ ní tiẹ̀, àwọn ará àdúgbò ẹ̀bá odò ló rán an wá. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ lé wọn kúrò nílé. Wọ́n ní irà lásán ni ibẹ̀ látijọ́, pé àná àná yìí ni wọ́n já lu ilẹ̀ onílẹ̀. Máàpù kan ṣoṣo ló lè pa irọ́ yẹn lẹ́nu mọ́. Wọ́n ti yà á sórí aṣọ líle kí bàbá wọn tó mọ̀ pé òun máa bímọ, ilé wọn sì wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan kànga. Adájọ́ ní òun ò fẹ́ fọ́tòkọ́pì. Ojúlówó ni kí wọ́n gbé wá kí òun tó jókòó lọ́sàn-án òní. Bí kò bá sí máàpù, katapílà á wó gbogbo ẹ̀.

"Ẹ pe ọlọ́pàá!" ni ẹnì kan pariwo láti ìdí fèrèsé.

Wọn ò pe ọlọ́pàá lásán. Ọ̀gá Kòpamọ́ ni wọ́n pè.

Ta ni ò mọ Kòpamọ́? Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí imú ẹ̀ ń gbóòórùn irọ́ láti òdìkejì títì. Tó bá tẹjú mọ́ èèyàn báyìí, onítọ̀hún á jẹ́wọ́ ẹran tí ìyá ẹ̀ jí nínú ìkòkò kí wọ́n tó bí i. Àwọn olè ìlú yẹn, kí wọ́n tó jáde, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ti lọ fún ìsinmi. Òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ káàkiri, nítorí náà òótọ́ ni. Ó wọlé láàárọ̀ yẹn pẹ̀lú Sájẹ́ǹtì kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ń fi ọ̀bẹ kékeré kan bó ọsàn jẹ.

"Ta ni máàpù sọ nù lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ọwọ́ mi ni," ni Ìyá Ìwé wí.

"Ẹ má mikàn. Kí n tó jẹ ọsàn yìí tán, ó ti délé."

Àwọn òǹkàwé rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín yẹn, orí Kòpamọ́ wú, fìlà ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á mọ́.

Ìyá Ìwé ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀. Agolo gígùn ni wọ́n ń ká máàpù sí, agolo kọ̀ọ̀kan ló sì ní ihò tiẹ̀ lára ògiri yàrá agolo. Tí òṣìṣẹ́ bá yọ agolo kúrò, ó gbọ́dọ̀ fi pákó kọ́ ẹnu ihò yẹn, kí ihò má baà ṣófo láìnídìí.

"Kò sí pákó kankan nídìí máàpù yìí," ló wí. Ojú ẹ̀ wà nílẹ̀. "Kì í ṣe ará ilé. Àwa ò lè gbàgbé pákó, Ọ̀gá. Tí iná bá ń jó wa, a máa kọ́ pákó ká tó sá."

"Olè wo ló ń kọ́ pákó, Ìyá?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ Kòpamọ́ bí oyin. Ó gé ọsàn sí i.

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ lé àwọn ará ẹ̀bá odò ló kọ́kọ́ pè. Ọkùnrin náà jókòó sí igun yàrá, báàgì kékeré lórí itan ẹ̀.

"Lọ́yà, ẹ̀yin lẹ béèrè máàpù yìí lánàá."

"Mo béèrè ẹ̀. Mo rí i. Orí fọ́ mi. Mo relé."

"Kí ló fọ́ yín lórí?"

"Àwọn ilé tí mo kà lórí ẹ̀ ni."

"Ẹ wá jí i."

"Ọ̀gá, máàpù yẹn ga jù mí lọ. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ po, á dà bí ẹ̀pa tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣé inú ìbọ̀sẹ̀ ni mo gbé e sí? Ọlọ́dẹ tú báàgì mi nígbà tí mò ń jáde, ó tú u débi pé ó fi imú ẹ̀ kan ìsàlẹ̀." Ó na ìka sí Ìyá Ìwé. "Ẹ bi wọ́n léèrè. Mo tiẹ̀ ní kí akọ̀wé mi wá bá wọn gbé e lọ sí kóòtù lónìí. Wọ́n ní kó tó jáde nílé yìí, àfi kí òkú àwọn kọ́kọ́ jáde."

Gbogbo yàrá mi orí. Ìyá Télọ̀ tiẹ̀ dì mọ́ Ìyá Ìwé léjìká.

"Olùpamọ́ tòótọ́ nìyẹn," ni Kòpamọ́ wí, ó sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá Ìwé ò gbé ojú sókè.

Ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá Agolo wọlé. Bàbá àgbàlagbà ni, òun ló ń gbé agolo látinú ihò wá sórí tábìlì, tó sì ń dá a padà. Agolo méjì wà léjìká ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agolo ni Kòpamọ́ wò. Ẹsẹ̀ bàbá ló wò. Bàtà tuntun ló wà níbẹ̀, bàtà tó ń dán débi pé àjà ilé hàn nínú ẹ̀, aláǹtakùn tó wà lájà náà sì ń wo ara ẹ̀.

"Bàbá, ẹ máa bọ̀ níbí."

"Mò ń bọ̀, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ n sọ ẹrù kalẹ̀."

"Ta ló dá máàpù padà lánàá lẹ́yìn tí lọ́yà wò ó tán?"

"Èmi ni. Mo dá a padà sínú ihò ẹ̀. Ó wà nínú agolo, èjìká mi mọ ìwúwo ẹ̀."

"Bàtà yìí ńkọ́?"

"Bàtà mi ni."

"Mo rí i pé ẹsẹ̀ yín ló wà. Ta ló rà á?"

"Ọmọ mi obìnrin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́."

"Ṣé ẹ gbọ́ o?" Kòpamọ́ yíjú sí àwọn òǹkàwé. "Gbogbo bàbá tí mo bá ti mú, ọmọ wọn obìnrin ló máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́!"

Ẹ̀rín ta. Bàbá Agolo dúró kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, bí ẹni tó ń dúró kí ọkọ̀ kọjá.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín nípa pákó. Pákó tèmi, búlúù ni. Ti Ìyá, pupa ni. Orúkọ ẹni tó ní ká gbé nǹkan wá, a máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ẹ̀. Tí ẹ bá lè wọnú lọ, kí ẹ wo…"

"Bàbá! Mi ò béèrè pákó lọ́wọ́ yín. Bàtà ni mo béèrè."

Èyí gan-an ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Ẹnì kan tiẹ̀ gbá tábìlì. Kòpamọ́ tún un sọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́ dáadáa: "Bàtà ni mo béèrè."

Ó ní kí bàbá bọ́ ọ. Bàbá bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ já níwájú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan yọ jáde. Bàbá rọra gbé ẹsẹ̀ kejì lé e, kí wọ́n má baà rí i. Kòpamọ́ rí i. Ó gbé bàtà sókè, ó fi ọ̀bẹ ọsàn kan ìsàlẹ̀ ẹ̀ kó, kó, kó.

"Ó dún bí ibi tí owó wà."

"Ọ̀gá, àgbàlagbà ni o," ni Ìyá Télọ̀ wí.

Ọ̀bẹ ti wọlé. Ó la ìsàlẹ̀ bàtà ọ̀tún láti gìgísẹ̀ títí dé iwájú. Ó wo inú ẹ̀. Gọ́ọ̀mù ló wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù lásán, tó ṣì ń rùn bíi ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá mọ̀wọ̀n ara ẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kó ti dákẹ́. Kòpamọ́ ò lè dákẹ́, gbogbo ojú ṣì wà lára ẹ̀.

"Ó ti ná an tán ni," ló wí. "Sájẹ́ǹtì, dè é."

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dún. Ìyá Ìwé la ẹnu. Ó tún pa á dé.

Wọ́n ń retí ọkọ̀ ọlọ́pàá. Bàbá Agolo jókòó sórí àga pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Kòpamọ́ ò fẹ́ wà níbẹ̀. Ó ní òun ń lọ yẹ inú wò, ó sì wọ yàrá agolo lọ.

Ihò ló kún ògiri láti ilẹ̀ dé òkè, bí afárá oyin àwọn òmìrán. Òkùnkùn díẹ̀, òtútù díẹ̀. Ó wá ihò máàpù ẹ̀bá odò, ó rí i. Wọ́n ti dá agolo òfìfo yẹn padà síbẹ̀, kò sí pákó lóòótọ́. Ó fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀, tí kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka pákó yòókù. Ibì kan, búlúù, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́: *Akẹ́kọ̀ọ́ Onígíláàsì.* Agolo yẹn wà lórí tábìlì níta. Òmíràn, búlúù: *Bàbá Arúgbó Onífìlà.* Ìyẹn náà wà níta. Ó lọ títí, ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá lápá òsì, níbi tí ọwọ́ èèyàn ò ti tó bí kò bá lóṣòó.

Pákó kan wà níbẹ̀. Pupa ni. Kò sí orúkọ kankan lára ẹ̀.

Ó ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò: máàpù rélùwéè tí wọ́n fẹ́ ṣe, tí wọn ò ṣe rí.

Kòpamọ́ lóṣòó síbẹ̀. Ta ló máa béèrè ọ̀nà ọkọ̀ tí kò sí? Kò sí ẹni tó béèrè. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí orúkọ. Ẹni tó gbé e nílò agolo tí ẹnikẹ́ni ò ní wá, ni. Agolo tó lè gba máàpù méjì. Pákó búlúù, ti Bàbá. Pákó pupa… Ẹni yìí fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún gbogbo ayé, ó yọ agolo yìí kúrò, ó sì rí ihò tó ṣófo. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbà fún un. Ọwọ́ ẹ̀ kọ́ pákó kí orí ẹ̀ tó mọ̀.

*Tí iná bá ń jó wa, a máa kọ́ pákó ká tó sá.*

Òun ti gbọ́ ọ. Òun ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá sì ti fẹ́ sọ àwọ̀ pákó fún òun, látẹnu ara ẹ̀, òun ní bàtà ni òun béèrè. Ara Kòpamọ́ gbóná fòò láti ọrùn dé etí. Ká ní wọ́n gbé omi lé etí ẹ̀ lásìkò yẹn, ì bá hó.

Ó wá agolo náà lọ sí yàrá àtúnṣe tí òǹkàwé kì í dé, níbi tí wọ́n ti ń tún ohun tó ya ṣe. Agolo kan ṣoṣo ló dúró níbẹ̀, ní igun, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó bí ọmọ tó ń sùn. Ìyá Ìwé ti wà nídìí ẹ̀ kí Kòpamọ́ tó wọlé.

"Ìyá."

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín nídìí ihò rélùwéè," ló wí. "Mo mọ̀ pé ó ti parí."

"Kí ló dé?"

Ó ń fi ọwọ́ pa agolo lórí.

"Kóòtù yìí kan náà gba fọ́tò kan lọ́wọ́ mi rí. Àwọn nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ nílùú yìí, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú ọsibítù. Ìgbà tí wọ́n dá a padà, ẹnì kan ti gbé ife tíì lé wọn lójú. Àmì ife ló wà lójú gbogbo wọn, rogodo. Mo sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo ní kò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́ níṣojú mi."

"Ẹ wá jẹ́ kí n de Bàbá."

"Mo rò pé ẹ máa tú u sílẹ̀ tí ẹ ò bá rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ẹ la bàtà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú tì mí." Ó wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ ká kàn ní a rí i nínú agolo mìíràn. Pé Bàbá ló ṣì í gbé. Àṣìṣe lásán. Ojú ò ní ti èmi, ojú ò ní ti ẹ̀yin náà."

Ìyẹn gún Kòpamọ́ ju ọ̀bẹ lọ, nítorí pé kí Ìyá tó sọ ọ́ lòun náà ti ń rò ó. Ó ti tò ó sílẹ̀ dáadáa nínú ikùn ẹ̀: òun á jáde, òun á gbé agolo sókè, àwọn èèyàn á hó yèè, Bàbá á gba ẹ̀bi kékeré kan tí kò ní pa á. Ó ti ń gbọ́ ariwo ayọ̀ náà.

Ibi tó dúró yẹn ló ti gbọ́ ohùn Ìyá Télọ̀ láti yàrá ìkàwé. Ó ń bá Bàbá Agolo sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín lé ìborùn mi yìí. Ilẹ̀ tutù."

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Àwọn ilé yín yẹn ńkọ́? Ìlú ńlá ni, mo ti rí i lórí máàpù. Ilé kan wà níbẹ̀ tó lẹ́nu ọ̀nà méjì."

"Ilé wa nìyẹn!" ni obìnrin náà wí. Ó bú sẹ́kún.

Ìyá Ìwé gbọ́ ọ náà. Ó ká aṣọ funfun kúrò lórí agolo.

"Ẹni tí mò ń pa á mọ́ fún ló ń sunkún níta yẹn," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbé agolo sápá, ó sì jáde.

Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó dúró nídìí tábìlì gbọọrọ, ó ní: "Èmi ni mo fi í pamọ́. Kì í ṣe Bàbá, kì í ṣe lọ́yà. Èmi ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ máa bà á jẹ́." Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Lọ́yà pàápàá yíjú sí fèrèsé. Ìyá Télọ̀ wò ó, wò ó, kò bú u, ó kàn yọ ọwọ́ kúrò lórí tábìlì, bí ìgbà tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan. Mo rò pé èébú ì bá sàn fún Ìyá Ìwé.

Ó wá ku Kòpamọ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì, ó ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó mú bàtà, ó fẹ́ wọ̀ ọ́ fún bàbá.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Bàbá Agolo wí. "Ẹ ti bá mi tú ọwọ́ sílẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́."

"Bàbá, ẹ̀bi mi ni. Mo máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ṣúmẹ́kà nísinsìnyí."

"Adájọ́ ò ní dúró de ṣúmẹ́kà." Ó ti wọ bàtà. "Ìyá, ẹ mú iwájú. Mo mú ẹ̀yìn."

Kí wọ́n tó jáde, Ìyá Ìwé sáré padà sínú. Ó kọ́ pákó pupa sí ẹnu ihò máàpù ẹ̀bá odò, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sára ẹ̀ gàdàgbà: *Àwọn tó ni ín.*

Kóòtù ò jìnnà, títì kan péré ni. Ìyá Télọ̀ ló síwájú, ó ń da ọkọ̀ dúró bí ọlọ́pàá ojú pópó, bẹ́ẹ̀ ọlọ́pàá gidi méjì wà lẹ́yìn. Àwọn méjì gbé agolo láàárín. Gbogbo ìgbà tí Bàbá Agolo bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìsàlẹ̀ bàtà á là, á sì padà gbá ilẹ̀: pàá. Ó gbé òsì, kò dún. Ó gbé ọ̀tún: pàá. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń yíjú wò ó. Kòpamọ́ tẹ̀ lé wọn, ó bọ́ fìlà ẹ̀ sínú àpò, kí wọ́n má baà dá a mọ̀.

Wọ́n tẹ́ máàpù síwájú adájọ́. Adájọ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé gíláàsì sójú, ó fi ìka tẹ̀ lé àwọn ilé láìfọwọ́ kàn án, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ilé tó lẹ́nu ọ̀nà méjì. Ó ti ife tíì ẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn. Ìyá Ìwé rí i. Ó di ojú.

"Ilé ni wọ̀nyí," ni adájọ́ wí. "Lọ́yà, irà wo lẹ ń sọ?"

Lọ́yà ní òun ò ní nǹkan kan láti sọ.

Àwọn ará ẹ̀bá odò fẹ́ hó, adájọ́ gbé ọwọ́ sókè. "Mo gbọ́ pé ó sọ nù láàárọ̀ yìí. Ta ló wá a rí?"

Gbogbo orí yí padà sẹ́yìn, sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Kòpamọ́ dúró sí. Ìran tó ti ń lálàá ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́ nìyí: adájọ́ ń béèrè ẹ̀, kóòtù kún, gbogbo ojú wà lára ẹ̀. Ó la ẹnu.

Bàbá Agolo, tí ẹsẹ̀ ti ń ro, yí ìdúró padà díẹ̀.

Pàá.

Kòpamọ́ pa ẹnu dé.